Kọ̀ǹpútà ń gan lójú iṣẹ́ l'Apẹtẹ: Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, àṣé eruku àti iná ló ń bá a jà!

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ẹkún ọmọ ogún ọdún ṣe ń rí, kó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé fún àwọn ọmọ Pólì l'Apẹtẹ, n'Ìbàdàn, lásìkò tí wọ́n bá ń sáré parí pírójẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa rí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti jẹ gbèsè nítorí owó iléèwé, tí bàbá rẹ̀ ti ta ilẹ̀, tó wá jẹ́ pé ohun tó kù láàárín òun àti ìwé ẹ̀rí kò ju ọgọ́ta ojú ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ kan lọ. Ẹ̀rọ náà á wá gan.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í pariwo kó tó dé. Ọmọbìnrin náà á jókòó ti àǹtí tó ń bá a tẹ̀wé, á máa nawọ́ sójú ẹ̀rọ: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé àkòrí yẹn sáàárín." Àǹtí á ti máòsì síwájú. Máòsì ò ní mira. Á tún un tì, kò ní mira. Á tẹ kí-bọ́ọ̀dù, lẹ́tà kankan ò ní jáde. Aago kékeré tó wà nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ á dúró sí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, bí ẹni pé ayé ti dáwọ́ dúró.

"Hẹ̀n-ẹ́n, ó ti háàǹgì nìyẹn," ni àǹtí á wí.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti séèfù ẹ̀?"

Àǹtí ò ní dáhùn. Ọmọ náà á ti mọ èsì.

ẸJỌ́ Ń BẸ̀RẸ̀

Ibẹ̀ ni ìjà ti ń ṣẹ́yọ. Ọmọ á ní àǹtí ló ba iṣẹ́ òun jẹ́, òun ò ní san kọ́bọ̀. Àǹtí á ní ọmọ ló mú fíláàṣì onífáírọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀bù òun. Aládùúgbò á yọjú, á ní láti ọjọ́ tí àwọn kan ti wá kí àǹtí lọ́sẹ̀ tó kọjá lòun ti ń rí i pé ẹ̀rọ yìí ń ṣe ìdákúrekú, kó yáa fura. Ẹlòmíì á mú òróró àdúrà jáde, á fi kan àpótí ẹ̀rọ lórí. Àdúrà dára, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí eruku ti dí nímú, bí wọ́n bá da òróró sí i, eruku náà á kàn di ẹrẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré l'Apẹtẹ. Láti ọdún 1970 ni Pólì Ìbàdàn ti wà, Apẹtẹ tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fọtokópì, fi pọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè jẹ́ oko àti odò fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ọjọ́ tó bá gan, iná ò ní jó nídìí ìkòkò.

Ará Apẹtẹ sì mọ ìyà ohun tó ń dáni dúró lójijì. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá tó rọ̀ n'Ìbàdàn, tí ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún, ló gbé afárá Apẹtẹ lọ, tí ọ̀nà ìgboro fi dì mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lójú. Omíyalé ọjọ́ náà ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kó tó dé. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ máa ń ránṣẹ́. Àwọn tó ń lò ó ni kì í gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn kì í ṣe ọmọ àná nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 1963 ni iléeṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà ti dá ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé l'Apẹtẹ lónìí tó dáyé. Ìlú tó ti mọ nǹkan yìí tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ti kọjá ẹni tó ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀rọ lórí pé kó jí.

ÌGBÀ WO LÓ MÁA Ń GAN?

Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í já ewé kó tó béèrè ibi tó ń dun aláìsàn. Bákan náà ni ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tó gbọ́ṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: "Mà, ìgbà wo ló máa ń gan?" Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: aago tó gan, ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, irú iná tẹ́ ẹ̀ ń lò. Lọ́sẹ̀ kan péré, ìwé náà á ti máa sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ tó bá gan, ẹ má sáré pa á. Ẹ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá, èyí tí wọ́n kọ Caps Lock sí. Bí iná kékeré rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ wà láàyè, ètò tẹ́ ẹ̀ ń lò lọ́wọ́ nìkan ló sùn lọ. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, orúkọ gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ á jáde. Bí ẹ bá rí ètò mìíràn tó ti gan, tí kì í ṣe èyí tí iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀, ẹ pa ìyẹn kọ́kọ́. Èyí tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí ìkẹyìn, torí bí ẹ bá pa á, ohun tẹ́ ẹ ò tíì séèfù lè bá a lọ.

Ctrl, Alt àti Delete tí gbogbo èèyàn mọ̀ náà ní ìtàn. David Bradley, ẹnjiníà kan ní IBM, ló gbé e kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà IBM tó jáde lọ́dún 1981. Nígbà yẹn, ńṣe ló ń pa ẹ̀rọ tó sì ń tún un tàn. Lórí Windows òde òní, ojú ìwé kan ló máa ń ṣí tí èèyàn ti lè yan ohun tó fẹ́ ṣe.

Bí iná Caps Lock ò bá dáhùn rárá, ẹ̀rọ ti gan tán pátápátá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá títí tó fi máa kú. Ẹ má fa wáyà yọ lára ògiri bí ẹni tó ń fa ọmọ olè.

BÓ BÁ JẸ́ LẸ́YÌN OGÚN ÌṢẸ́JÚ NI

Ẹ̀rọ kan wà tí á ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, àfi bó bá tó ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n, kó gan. Bí wọ́n bá pa á kó sinmi, á tún jí pépé. Ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àpótí tí gbogbo ayé ń pè ní CPU yẹn, CPU gidi ò ju bísíkíìtì kékeré kan lọ nínú rẹ̀. Òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ, iṣẹ́ sì máa ń mú un gbóná bí àdògán. Àwọn tó ṣe é gbé irin kan tó ní eyín bí òòyà lé e lórí kó máa fa ooru náà sókè, wọ́n tún wá fi fáànù sórí irin kó máa fẹ́ ooru dànù. Láàárín ọpọlọ àti irin, wọ́n fi ohun kan tó dà bí ìpara pa á kí ooru lè ráyè kọjá. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ìpara yẹn á gbẹ bí ẹfun. Eruku á dí eyín irin náà pa. Fáànù á máa ké bí àgbà tí ikọ́ ń ṣe. Bí ooru ọpọlọ bá wá ń sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ooru omi tó ń hó, òun fúnra rẹ̀ á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kó má baà jóná. Bó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, á gan, tàbí kó kú pii.

Eruku ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbé sókè l'Apẹtẹ, èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń fẹ́ wọlé, aṣọ ẹlẹ́wà tí wọ́n fi bo àpótí kó má baà dọ̀tí, ògiri tí wọ́n gbé e tì mọ́ra: gbogbo ẹ̀ ló ń fún un lọ́rùn. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ gbé e síta, ẹ ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbá eruku, tàbí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ fi ìka kan di fáànù mú kó má baà yí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fi aṣọ tútù kàn án. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ di irin ara àpótí mú, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Iná tó máa ń ta èèyàn lára bó bá ń bọ́ ṣúẹ́tà yẹn tó láti pa ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Ìpara tuntun sì rèé, ẹnjiníà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó pa á.

BÓ BÁ JẸ́ ÌGBÀ TÍ FỌTOKÓPÌ BÁ GBÉRA NI

Òmíràn wà tó jẹ́ pé àfi bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ fọtokópì, tàbí tí aládùúgbò bá ki áyọ́ọ̀nù bọ sókéètì, tàbí tí wọ́n bá yí láti iná NEPA sí jẹnẹrétọ̀, kó tó gan. Kò sí ohun tí eruku fẹ́ ṣe síyẹn. Iná ni.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni pínpín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni, ṣùgbọ́n NEPA lorúkọ tó ṣì wà lẹ́nu aráyé. Iná tó yẹ kó dé ara ògiri jẹ́ nǹkan bí 230 sí 240 fóòtì. Ní ibi tí ilé púpọ̀ bá ti so mọ́ ẹ̀rọ amúnáwá kan, kì í tó bẹ́ẹ̀. Fọtokópì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílésà máa ń gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá ń gbóná. Bí wọ́n bá wá jọ wà lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré kan náà, kọ̀ǹpútà ni ìyà máa jẹ. Ẹ má ki fọtokópì bọ UPS tí kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀. Sítébúláísà ń gbé iná tó relẹ̀ sókè, UPS ń di ẹ̀rọ mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ lè séèfù iṣẹ́. Wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Bí iná bá dára tó sì ń gan síbẹ̀, ẹ wo àwọn agolo kéékèèké tó dúró lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó bá wú bí agolo sàdíìnì tó ti bàjẹ́, tàbí tí omi pupa ń jáde lórí rẹ̀, ti kú. Láàárín ọdún 1999 sí 2007, irú agolo tí kò dára yìí wọ inú ẹ̀rọ púpọ̀ káàkiri àgbáyé. Ìwé ilé ẹjọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010 fi hàn pé kọ̀ǹpútà Dell tó kéré tán mílíọ̀nù 11.8, tí wọ́n tà láàárín oṣù karùn-ún ọdún 2003 sí oṣù keje ọdún 2005, ló ní irú agolo tó lè bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú.

Tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń rà nílẹ̀ wa. Lọ́dún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà wá ṣe ìwádìí l'Ékòó. Wọ́n ní nǹkan bí kọ̀ǹtéínà 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù. Àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà sì sọ fún wọn pé èyí tí kò ṣeé lò, tí kò ṣeé tún ṣe nínú rẹ̀, lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣí i kẹ́ ẹ wo orí agolo. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ má wò ó, ẹ máa bá tiyín lọ.

BÓ BÁ Ń KÉ KẸ́-KẸ́-KẸ́

Ibí yìí ni ẹ̀rù wà o! Bí ẹ̀rọ bá ń gan nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí fáìlì tàbí séèfù, tẹ́ ẹ wá ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú àpótí, háàdì-dísìkì ló ń kú lọ. Àwo kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tó ń kà á sì ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án. Ọjọ́ tí apá yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha àwo, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń pa á tẹ́ ẹ tún ń tàn án, iṣẹ́ ni ẹ ń pa rẹ́. Ẹ dáwọ́ dúró. Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kó fáìlì jáde sórí dísìkì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ tó lè sọ̀rọ̀ àtúnṣe.

Bó bá sì jẹ́ pé kò ní àkókò, tó ń gan nígbà tó bá wù ú, tí ojú rẹ̀ tún ń di àwọ̀ búlúù tí ìwé funfun á wà lórí rẹ̀, ẹ fura sí RAM. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ yọ RAM, ẹ fi írésà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu ẹnu rẹ̀ tó dà bíi góòlù, kẹ́ ẹ dá a padà kó wọlé ṣinṣin. Bó bá jẹ́ méjì ni, ẹ lo ọ̀kan lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ lo ìkejì lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá ń gan nígbà tó wà níbẹ̀ ni ọ̀daràn.

Ètò kan ṣoṣo ló ń gan ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé RAM kéré jù fún ohun tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ pa pọ̀, tàbí pé háàdì-dísìkì ti kún dẹ́nu. Ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, torí fíláàṣì tó ti dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá ló ń wọ ẹ̀rọ yín. Kẹ́ ẹ sì rántí pé láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft ti fòpin sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10. Ìlẹ̀kùn tí wọn ò tún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe mọ́, olè mọ̀ ọ́n.

"Ẹ JẸ́ KÁ FỌ́MÁÀTÌ Ẹ̀"

Àwọn ẹnjiníà ojú ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé oògùn kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo àrùn. Wọn ò ní béèrè ìgbà tó ń gan, wọn ò ní ṣí àpótí. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀ ni o." Mọ́mì á ní kó máa ṣe é. Ìṣẹ́ju díẹ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti wọ igbó. Ẹ̀rọ á yá fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta á tún gan lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ta ló fọ́máàtì eruku rí? Ẹni tó bá fẹ́ fọ́máàtì ẹ̀rọ yín, ẹ bi í pé kí ló rí. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ gba ẹ̀rọ yín.

Èyí tó ga jù ni pé kí gan-an-gan má bá iṣẹ́ nílẹ̀. Ctrl àti S, lẹ́yìn ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó di bárakú fún ọwọ́. Ètò Word máa ń fi ẹ̀dà kan pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ẹnikẹ́ni ò bá pa á láṣẹ mìíràn, torí náà bí ẹ̀rọ bá jí, ẹ tún Word ṣí kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ lérí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n á ní kí wọ́n fi iṣẹ́ òun ránṣẹ́ sí ímeèlì òun kó tó dìde lórí àga. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá gbọ́n á ṣe é kí wọ́n tó ní kó ṣe é. Ìyẹn ló máa ń pa ẹjọ́ yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí bí aago bá dúró sí mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, tí ọmọ sì béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti séèfù ẹ̀?", ọ̀tọ̀ ni kí àǹtí dákẹ́, ọ̀tọ̀ ni kó ní, "Fọkàn balẹ̀ ọmọ mi, ó ti wà nínú ímeèlì ẹ. Jẹ́ kí n tún ẹ̀rọ tàn."

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, bóyá oníṣọ́ọ̀bù ni yín o, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni yín o, ojú ìwé lẹ́tà wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ wá, ẹ sọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ yín àti ohun tó wò ó sàn. Ẹni tó ń sunkún l'Apẹtẹ lálẹ́ òní lè kà á.